Aṣòfin tí Ilé Aṣòfin gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ rẹ̀: ọ̀rọ̀ Sir Ralph Verney

Nígbà tí Mary Verney padà dé ilé ọkọ rẹ̀ ní Claydon, ní agbègbè Buckinghamshire, lọ́dún 1647, eku ti jẹ àwọn bẹ́ẹ̀dì oníyẹ̀ẹ́ tí wọ́n mọ ògiri bò kí ogun má baà rí wọn. Irin tí wọ́n fi ń yan ẹran ti dípẹtà débi pé kò lè wúlò mọ́ láéláé. Gbogbo aṣọ ìbùsùn ti gbó. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà bó ṣe rí i, ó fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọkùnrin náà ti ń gbé láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta ó lé sẹ́yìn, tí kò lè wálé.

Ta ló lé e kúrò nílé? Bí ẹ bá sọ pé ọba ni, ẹ ò jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni á rò bẹ́ẹ̀. Sir Ralph Verney jẹ́ ọmọ Ilé Aṣòfin, Ilé Aṣòfin ló sì ń bá ọba jagun. Àmọ́ ọba kọ́ ló gba ilẹ̀ rẹ̀. Ilé Aṣòfin tí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó sí, tó ti dìbò níbẹ̀, tó ti bá wọn fajú ro sí ọba, àwọn gan-an ló gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1642 ni mò ń sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ nípa rẹ̀ ò ju pé ọba kan wà tó ń jẹ́ Charles Kìíní, tó bá Ilé Aṣòfin jà, tí wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 30, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1649. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó lóye bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀ láìṣẹ̀, àfi kó tẹ̀ lé ìdílé kan wọnú ogun náà. Àwọn Verney ni mo yàn, nítorí pé wọn kì í ju lẹ́tà nù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí wọ́n kọ síra wọn ló ṣì wà títí dòní.

Kí a kọ́kọ́ mú àṣìṣe kan kúrò lọ́nà. Ogun tálákà àti olówó kọ́ nìyí. Àwọn tó jókòó sínú Ilé Aṣòfin, onílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ má sì rò pé onílẹ̀ yẹn ni ẹni tó ń ta pulọ́ọ̀tì o. Ẹni tó jogún oko rẹpẹtẹ ni, tí kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ro ó. Àwọn àgbẹ̀ ló yá ilẹ̀ náà, wọ́n á san ìṣákọ́lẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹta, àti lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án. Owó yẹn ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n fi ń san gbèsè, òun náà ni wọ́n fi ń fún ọmọbìnrin lówó tí yóò gbé lọ sílé ọkọ. (Lọ́dọ̀ tiwọn, ilé ìyàwó ló ń sanwó, kì í ṣe ilé ọkọ.) Onílẹ̀ tí ìṣákọ́lẹ̀ ò bá wọlé fún, ilẹ̀ rẹ̀ lè tó ìlú kan, ebi á máa pa á.

Ìjà náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó sì wà níbẹ̀. Láti 1629 títí di 1640, Charles kò pe Ilé Aṣòfin jọ rárá, bẹ́ẹ̀ owó orí tuntun kò ṣeé gbà láìsí wọn. Ló bá ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Owó ọkọ̀ ojú omi kan wà tí àwọn ìlú etí òkun máa ń dá fún ọba bí ogun bá fẹ́ dé. Ọba ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa san án, títí kan Buckinghamshire tí kò ní òkun, tí kò ní ọ̀sà. John Hampden, onílẹ̀ kan lágbègbè náà, kọ̀ láti san ṣílè 20. Kì í ṣe pé kò ní ṣílè 20. Adájọ́ 12 ló gbọ́ ẹjọ́ yẹn. 7 gbè sẹ́yìn ọba, 5 kò gbà, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ọba borí lẹ́nu lásán ni.

Nígbà tí ogun Skọ́tlándì gbọ́n àpò ọba gbẹ, ó pe Ilé Aṣòfin ní 1640 tipátipá. Baba àtọmọ ló lọ láti ilé Verney: Sir Edmund ń ṣojú Wycombe, Ralph ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ẹni ọdún 27, ń ṣojú Aylesbury.

Ralph kì í ṣe ẹni tó ń dìde sọ̀rọ̀ ṣáá. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò ká bébà, yóò gbé e lé orúnkún, yóò máa fi pẹ́ńsùlù kọ ohun tí àwọn yòókù ń sọ. Ó wà lórí ìjókòó rẹ̀ ní ọjọ́ 4, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1642, nígbà tí ọba fúnra rẹ̀ já wọ inú Ilé, tí àwọn ológun dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, pé òun wá mú aṣòfin márùn-ún. Hampden wà lára wọn. Wọ́n ti fò lọ. Ọba kọjú sí Lenthall, Olórí Ilé, ó ní níbo ni wọ́n wà. Lenthall kúnlẹ̀, ó ní kábíyèsí kò ní bínú, òun ò lè ríran, òun ò sì lè sọ̀rọ̀, àfi bí Ilé bá pàṣẹ fún òun. Pẹ́ńsùlù Ralph kọ èyí náà sílẹ̀. Èmi ò mọ akọ̀ròyìn tí kò ní jowú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Kó tó di òpin oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọba ti na àsíá ogun sókè ní Nottingham. Ẹni tó gbé àsíá náà dání ni Sir Edmund Verney.

Ibí yìí gan-an ni ogun ti là ilé sí méjì, ó sì tún burú ju bó ṣe rí lókèèrè lọ, nítorí pé baba náà kò gbà pé ọba jàre. Ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Edward Hyde pé ìjà náà kò wu òun, pé ìbá wu òun kí ọba fún wọn ní ohun tí wọ́n ń béèrè. Àmọ́ òun ti jẹ oúnjẹ ọba, òun ti sìn ín fún nǹkan bí 30 ọdún, òun ò sì ní hu ìwà àbùkù débi pé òun á fi í sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá mọ ohun tí jíjẹ iyọ̀ ẹni túmọ̀ sí yóò mọ ohun tó ń sọ. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ní Edgehill, ogun ńlá àkọ́kọ́, wọ́n pa á nídìí àsíá náà. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Ìtàn tí ìdílé ń sọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá, tó ṣì di òpó àsíá mú, tí òrùka tó ní àwòrán ọba lára wà níka rẹ̀.

Àbúrò Ralph, Edmund, tí wọ́n ń pè ní Mun, ti kọ lẹ́tà ìbínú sí i kí ogun tó gbóná: báwo ni ìwọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa dúró ti àwọn tó ń bá ọba jà, tí o mọ̀ pé ẹni mímọ́ lọba? Mun jẹ́ ọmọ ogun ọba títí tó fi kú ní Drogheda, ní Írẹ́lándì, lọ́dún 1649, lẹ́yìn tí Cromwell, ọ̀gágun Ilé Aṣòfin, gba ìlú náà. Ralph ò wá fèsì ìbínú pẹ̀lú ìbínú. Ó dúró sí Lọ́ńdọ́nù lórí ìjókòó rẹ̀, ó jogún Claydon, ó jogún gbèsè baba rẹ̀, ó sì jogún àwọn àbúrò obìnrin tí kò tíì lọ́kọ.

Ìbúra tó dá gbogbo rẹ̀ rú

Ọdún 1643 kò dára fún Ilé Aṣòfin. Hampden kú ní oṣù Kẹfà látàrí ọgbẹ́ tó gbà ní Chalgrove. Ọba ń borí káàkiri. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ará Skọ́tlándì kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn ìyẹn ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá wa dá májẹ̀mú. Májẹ̀mú náà sọ, láìfi gígùn pe kúkúrú, pé wọn yóò pa ìjọba àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ́, wọn yóò sì tún ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tò. Ojú tí àwọn ará Skọ́tlándì fi wò ó ni pé ìjọ tiwọn ni wọn yóò wò ṣe é. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í búra sí i ní ìjọ St Margaret, ní Westminster.

Ralph kò lè búra sí i. Ó gbà pé ọba ṣi agbára lò. Ó gbà pé owó ọkọ̀ ojú omi yẹn kò bófin mu. Ṣùgbọ́n kó dìde dúró níwájú Ọlọ́run kó búra pé òun yóò yí ìjọ padà ní ọ̀nà tí ọkàn òun kò tíì gbà, ìyẹn ni ò ṣeé ṣe. Kò pariwo. Kò kúrò kó lọ bá ọba ní Oxford, bẹ́ẹ̀ Oxford kò jìnnà sí Claydon. Ní ìparí ọdún 1643 ó kó Mary àti méjì nínú àwọn ọmọ wọn, Edmund kékeré àti Peg, wọ́n rọra wọkọ̀ ojú omi lọ sí Faransé. Wọ́n gbé ní Rouen, lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀dó sí Blois. John, ọmọ wọn kékeré, wà ní Claydon lọ́dọ̀ àwọn àǹtí rẹ̀.

Bí mo bá ní kí n dájọ́, mo gbà pé ìwà ọmọlúwàbí ló hù. Mo tún gbà pé kò mọ ìṣirò òṣèlú rárá. Nígbà ogun, wọn kì í bi èèyàn pé kí ló wà lọ́kàn rẹ. Wọ́n máa ń bi í pé níbo lo wà. Ìjókòó tó ṣófo ní Westminster, ojú ẹni tó ti lọ bá ọ̀tá ni wọ́n fi ń wò ó. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1645, Ilé yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Bí gbígbẹ́sẹ̀lé ṣe ń ṣiṣẹ́

Ibí ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù, nítorí pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń pè ní «wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀».

Èkíní ni gbígbẹ́sẹ̀lé. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1643. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé o jẹ́ arúfin sí Ilé Aṣòfin, ilẹ̀ ṣì ń jẹ́ tìrẹ lórí ìwé, wọn ò tà á. Owó tó ń mú wọlé ni wọ́n gbà. Ìgbìmọ̀ agbègbè yóò rán èèyàn wá ka ẹrù ilé, títí dórí àwọn nǹkan inú ilé ìdáná; wọn yóò pe àwọn àgbẹ̀, wọn yóò ní láti òní lọ, ọ̀dọ̀ wa ni kí ẹ máa kó ìṣákọ́lẹ̀ wá. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ tó ń ro ilẹ̀ Verney. Ó ti san owó orí ogun. Àwọn sójà ti sùn sílé rẹ̀, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti fún un ní pépà pé ìjọba á san. Wọ́n lè ti mú ẹṣin rẹ̀ lọ. Claydon wà láàárín Oxford ti ọba àti Aylesbury ti Ilé Aṣòfin, nítorí náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ogun kan ló ń kọjá. Wàyí o, ọjọ́ ìṣákọ́lẹ̀ pé, ìgbìmọ̀ ní kó kówó wá, bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ pé bí onílẹ̀ bá padà dé lọ́la, ó lè ní òun ò rí owó kankan gbà. Kí lẹ rò pé yóò ṣe? Yóò ní òun ò ní. Lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, òótọ́ ni.

Èkejì ni ìràpadà. Arúfin lè wá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń jókòó ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Lọ́ńdọ́nù, kó jẹ́wọ́, kó ka gbogbo ohun ìní rẹ̀, kó san ìtanràn, kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣe tó ni owó ṣe ń tó: àwọn kan san idá kan nínú mẹ́wàá iye tí ilẹ̀ wọn tó, àwọn kan idá kan nínú mẹ́fà, àwọn kan idá kan nínú mẹ́ta. Aṣòfin tó bá fi Ilé sílẹ̀ lọ bá ọba lè san tó ìdajì. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ tó jà fún ọba ló gba ọ̀nà yìí, tí wọ́n yá owó lọ́tùn-ún lósì láti fi san án. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n ta ilẹ̀ náà pátápátá, ìyẹn dé bá àwọn tí ìjọba kà sí ọ̀tá gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọba.

Ẹ wá wo ibi tí Ralph wà. Gbígbẹ́sẹ̀lé ti dé bá a. Ìràpadà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá san án ti jẹ́wọ́ pé arúfin ni òun, òun sì mọ̀ pé òun ò gbé idà sí ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aṣòfin ni. Ìdajì lè bọ́ sí i lọ́rùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí ẹnì kan lọ síwájú ìgbìmọ̀ kó fi hàn pé ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni pé kò sí nílé. Òun ò sì lè lọ fúnra rẹ̀: wọ́n lè mú un, àwọn tí baba rẹ̀ jẹ lówó náà ń dúró dè é.

Mary

Àbúrò ìyá Ralph, Dókítà William Denton, ló kọ̀wé láti Lọ́ńdọ́nù pé kí ó rán ìyàwó rẹ̀ wá. Ó ní kò sí ìgbà tí obìnrin wúlò tó báyìí, pé àwọn ọlọ́gbọ́n tó wà nílùú, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ìyàwó wọn ní ohun tí wọn yóò sọ, tí wọ́n á sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lọ kojú ìgbìmọ̀. Ó nídìí. Òfin gbígbẹ́sẹ̀lé fúnra rẹ̀ fàyè gbà pé wọ́n lè fún ìyàwó àti ọmọ arúfin ní idá kan nínú márùn-ún kí wọ́n má baà kú sébi. Obìnrin ní ohun kan tó lè béèrè.

Mary ti mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láti kékeré. Ọmọ òrukàn láti Abingdon ni, òun nìkan ló jogún baba rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n fi í fún Ralph ní 1629. Ní ìparí ọdún 1646 ó dé Lọ́ńdọ́nù, oyún sì ti wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀, òṣèlú pọ́ńbélé ni. Ó ń lọ láti ilé ẹni dé ilé ẹni, ó ń jókòó dúró de àwọn ọlọ́lá, ó ń wá àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti di ìyàwó èèyàn pàtàkì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ Buckinghamshire nípa ohun tó fa gbígbẹ́sẹ̀lé. Ìwé yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé: bí ó bá sọ pé àìsínílé ni, ọ̀nà là.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1647 ó bímọ ọkùnrin. Ó ti kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ ṣáájú pé bó bá jẹ́ ọkùnrin, orúkọ tìrẹ ni mo máa sọ ọ́, má sì já mi níyàn. Ralph ni wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Claydon, níbi tó ti rí àwọn bẹ́ẹ̀dì tí eku jẹ. Ó rí John náà, ọmọ tó fi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ó lé. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wọ́ débi pé ó kọ̀wé pé òun ò rí irú rẹ̀ lára ọmọ kankan rí.

Nígbà ìwọ́wé ọdún náà, ọmọ tuntun kú ní Claydon, oṣù mẹ́rin péré ló lò. Láàárín àkókò kan náà, Peg, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kú ní Blois lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ìròyìn ikú méjèèjì bá Mary papọ̀. Denton kọ̀wé pé fún òru méjì ni kò mọ ohun tó ń sọ, tí kò dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀.

Ẹjọ́ ò sì dúró de ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1648, ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá àti àwọn aṣòfin gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ Verney, láìsí ìtanràn. Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ olóṣèlú inú ìdílé náà nígbà ogun, Ralph kọ́ ni mo máa dárúkọ.

Mary padà sí Blois, ó mú John dání. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1650 ó kú níbẹ̀, ẹni ọdún 34. Ralph ní kí wọ́n fi oògùn tọ́jú òkú rẹ̀, wọ́n gbé e la òkun kọjá wá sin sí Claydon. Òun tó jẹ́ ọkọ kò lè tẹ̀ lé e wálé. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn mọ́ títí ó fi kú.

Ìyókù kò gùn. Ó padà wálé ní 1653. Ní 1655, nígbà tí ẹ̀rù ọ̀tẹ̀ ń ba ìjọba Cromwell, tó ti di olórí orílẹ̀-èdè, wọ́n mú un, wọ́n sì tì í mọ́lé fún oṣù mélòó kan ní ààfin St James's ní Lọ́ńdọ́nù. Wọ́n tún wá fẹ́ gba owó orí idá kan nínú mẹ́wàá tí wọ́n bù lé àwọn ènìyàn ọba lọ́wọ́ rẹ̀, òun tí kò ṣe ènìyàn ọba rí. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìjọba ọba padà, ọba tuntun, Charles Kejì, fún un ní baronet, oyè àjogúnbá kan, ní 1661. Nígbà tó dàgbà, ó tún wọ Ilé Aṣòfin, ó ń ṣojú Buckingham. Ó kú ní 1696, ẹni ọdún 82.

Ọ̀kan lára ohun tó ná owó lé lórí nígbà tó dé láti Faransé ni òkúta ìrántí kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì Middle Claydon, iṣẹ́ Edward Marshall. Orí àti èjìká èèyàn mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: baba rẹ̀, ìyá rẹ̀, Mary àti òun alára. Ó ṣì wà níbẹ̀. Sir Edmund wà lókè pẹ̀lú àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò rí i gbé wá láti Edgehill.